Òkòtó Inú Irin: Ìpòòyì Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Gbogbo wa ni a mọ òkòtó. Bí ọmọdé bá ta á sílẹ̀, yóò máa pòòyì lórí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹni tí ó bá ń wò ó lókèèrè yóò rò pé ó dúró jẹ́ẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ eré ni ó ń sá. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́dún yìí fara jọ òkòtó, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i. Ó wà nínú irin tí a fi rọ ọkọ́ àti àdá, ó wà nínú wáyà iná, ó sì wà nínú ara èmi tí mo ń kọ̀wé àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń wí, àti ìpòòyì rẹ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní spin.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn bèèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìdáhùn mi kò gùn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá lè gbọ́ ọ, kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa tí a wà ní yunifásítì. Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ náà kan iná tí ń lọ tí ń bọ̀, èyí tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò mọ bí ó ti ń dunni tó. Ẹ ó rí bí ó ṣe kàn án níwájú.

Ohun tí a ń pè ní iná mànàmáná, ìrìn àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú wáyà ni. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ru ẹrù iná tirẹ̀, iye kan náà sì ni gbogbo wọn rù. Kò sí olówó, kò sí tálákà láàárín wọn. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìṣirò, kọ̀ǹpútà, ẹrù yìí ni gbogbo wọn ń lò. Tànsísítọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, kò ju ẹnu ọ̀nà lọ: bí ó bá ṣí, ẹrù á kọjá, bí ó bá tì, ẹrù á dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ohun kejì lára. Yàtọ̀ sí ẹrù tí ó rù, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà kékeré, ó ń ṣe bí ẹni pé ó ń pòòyì. Ohun kejì yìí ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi sílẹ̀ láìlò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni tí ó ní igi ọ̀pẹ tí ó ń dá ẹmu nìkan, tí kò bìkítà fún ẹyìn tí ó so lórí rẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó jókòó ti ẹyìn náà ni wọ́n ń pè ní spintronics lónìí.

BÍ WỌ́N ṢE MỌ̀ Ọ́N

Ní ọdún 1922, àwọn ọkùnrin méjì kan, Otto Stern àti Walther Gerlach, rí àmì ìpòòyì yìí ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé òun ni àwọn rí. Wọ́n ki fàdákà bọ inú ààrò kékeré kan, wọ́n dáná sí i títí ó fi ń di oru. Wọ́n jẹ́ kí oru náà gba ihò tín-ín-rín jáde, kí ó kọjá láàárín òòfà kan tí ẹnu rẹ̀ kan mú bí abẹ, kí ó sì lọ balẹ̀ sórí awo gíláàsì. Inú ibi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò ni wọ́n ti ṣe gbogbo èyí. Bí átọ́ọ̀mù fàdákà bá jẹ́ òòfà tí ó lè kọjú sí ibi tí ó bá wù ú, ó yẹ kí fàdákà náà tàn ká lórí awo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ni ó pín sí, kò sì sí ẹni tí ó gba àárín.

Owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Ogun ti jà, owó Jámánì sì ti ń di yẹpẹrẹ. Max Born, tí í ṣe ọ̀gá wọn, ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú lórí iṣẹ́ Einstein, ó ń gba owó ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi owó náà ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Olówó kan ní New York tí ń jẹ́ Henry Goldman náà fi dọ́là ránṣẹ́. Stern fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ó dàgbà pé fàdákà náà kò kọ́kọ́ hàn lórí awo rárá, àfi ìgbà tí òun mí èéfín sìgá sí i. Owó oṣù òun kò tó ra sìgá gidi, nítorí náà sìgá olówó pọ́ọ́kú tí ímí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni òun ń mu. Ímí-ọjọ́ náà ni ó sọ fàdákà di dúdú tí ojú fi rí i. Àǹfààní tí òṣì lè ṣe fún sáyẹ́ǹsì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tí ó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1925, ní ìlú Leiden ní Họ́láńdì, George Uhlenbeck, ọmọ ọdún 24, àti Samuel Goudsmit, ọmọ ọdún 23, sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pòòyì, àti pé ọ̀nà méjì péré ni ìpòòyì rẹ̀ lè gbà kọjú nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fún olùkọ́ wọn, Paul Ehrenfest. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ àgbà onímọ̀ kan, Lorentz, lọ. Bàbá náà ṣírò rẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pòòyì bí bọ́ọ̀lù ni, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ara rẹ̀ ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, èyí tí kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọkùnrin náà, wọ́n sáré padà lọ gba ìwé wọn lọ́wọ́ Ehrenfest. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde, àti pé ọjọ́ orí wọn kéré, wọ́n lè fara da ìwà òmùgọ̀ kan. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lorentz kò ṣì í o. Ibi tí òkòtó ti yàtọ̀ sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an nìyẹn. Òkòtó ní ara tí a lè dì mú. Kò sí ẹni tí ó tíì rí ìwọ̀n fún ara ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó máa ń rẹ òkòtó, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú; ìpòòyì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rẹ̀ ẹ́, kì í yára sí i, kì í sì í dúró. A lè tẹ òkòtó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìgbàkígbà tí a bá bi í léèrè, òkè tàbí ilẹ̀ ni yóò wí. Ìdáhùn méjì péré. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé 0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kà yóò ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

ÀWỌN ONÍBODÈ MÉJÌ

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé òòfà máa ń yí ìdènà iná nínú irin padà. William Thomson, tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin, ni ó rí i ní Glasgow ní ọdún 1857. Ṣùgbọ́n ìyípadà náà kéré, ìdá mélòó kan péré nínú 100, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ó parí sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi fìlà ṣe àpèjúwe. Ká ní gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń rìn nínú wáyà ni ó dé fìlà. Ìdajì wọn tẹ fìlà tiwọn sápá ọ̀tún, ìdajì tẹ tiwọn sápá òsì. Nínú bàbà, kò sí ẹni tí ó bìkítà fún fìlà ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ń kọjá bákan náà. Ṣùgbọ́n irin tí ó ti di òòfà dà bí bodè tí oníbodè rẹ̀ náà dé fìlà. Bí fìlà rẹ bá tẹ̀ sí ibi tí tirẹ̀ tẹ̀ sí, á ní kí o máa lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á dá ọ dúró, á tú ẹrù rẹ wò, á bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò nídìí. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ wa kọjá rí kò ní béèrè àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nevill Mott, ní Bristol, ni ó kọ́kọ́ là á yé wa ní ọdún 1936 pé ọ̀wọ́ méjì ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irú irin bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ.

Wàyí o, ká ní bodè méjì ni ó wà lójú ọ̀nà kan náà. Ká ní ìdènà tí ẹni tí fìlà rẹ̀ bá ti oníbodè mu yóò rí jẹ́ 1, kí ti ẹni tí fìlà rẹ̀ kò bá mu jẹ́ 5. Bí fìlà oníbodè méjèèjì bá tẹ̀ sápá kan náà, ọ̀wọ́ kan yóò rí 1 àti 1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ọ̀wọ́ kejì yóò rí 5 àti 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ọ̀wọ́ méjèèjì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà a ó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé girama: 2 lọ́nà 10, kí a pín in sí 12, ìdáhùn jẹ́ 1.67. Bí ọ̀kan nínú àwọn oníbodè bá wá yí fìlà tirẹ̀ padà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò rí 1 níbì kan àti 5 níbòmíràn. 6 àti 6 nìyẹn. Ìdènà gbogbo ọ̀nà náà di 3. Fìlà ẹnì kan péré ni ó yí, ìdènà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Gbogbo agbára ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìṣirò kékeré yẹn. Kí ló dé tí ó fi di ọdún 1988 kí ẹnì kan tó rí i? Ìdí ni pé àwọn bodè náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn gidigidi. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rìn jìnnà nínú irin kí ó tó kọlu nǹkan. Bí ìpele irin kan bá nípọn jù, kò ní dé ti èkejì kí ìrìn rẹ̀ tó dàrú. Nánómítà ni a fi ń wọn irú ibi báyìí. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó ẹgbẹẹgbàárùn-ún rẹ̀ lọ́nà mélòó kan. Àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń fi átọ́ọ̀mù tẹ́ ìpele lé ìpele, bí ẹni ń kun ògiri ní ọ̀dà, nínú ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ni ó tó ṣeé ṣe.

Ní ọdún 1986, Peter Grünberg, ní Jülich ní Jámánì, fi ìpele chromium tín-ín-rín sí àárín ìpele irin méjì. Ó rí i pé òòfà irin òkè àti ti irin ìsàlẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Oníbodè méjì tí fìlà wọn yàtọ̀ nìyẹn. Ohun tí ó kù ni kí a gbé òòfà ńlá wá láti ìta kí ó fi tipátipá kọ wọ́n sí apá kan náà, kí a sì wo ìdènà. Grünberg ṣe é, Albert Fert náà ṣe é ní Orsay lẹ́bàá Paris, wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ́. Irin mẹ́ta-mẹ́ta ni ti Grünberg, ìyípadà tí ó rí nínú yàrá tí kò tutù jẹ́ ìdá 1.5 nínú 100. Fert to irin àti chromium lé ara wọn títí dé ìgbà 60, chromium rẹ̀ sì tín-ín-rín tó 0.9 nánómítà. Nígbà tí ó mú kí ó tutù dé nǹkan bí 269 sí ìsàlẹ̀ òdo ní Sẹ́síọ́sì, ìdènà náà já wálẹ̀ dé bí ìdajì. Orúkọ tí ó ṣáájú lórí ìwé tí àwọn ará Orsay tẹ̀ jáde ní ọdún 1988 ni ti Mario Baibich, ọmọ ilẹ̀ Brazil láti Porto Alegre, tí ó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Fert. Àwọn Òyìnbó sọ ohun náà ní giant magnetoresistance. Èmi ń pè é ní ìdènà abóòfàyí, ìyẹn ìdènà tí ń bá òòfà yí. Bí àwọn ará Ẹ̀ka Ìmọ̀ Èdè bá ní èyí tí ó dùn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n mú un wá.

Stuart Parkin, ní ilé-iṣẹ́ IBM ní California, ni ó mú un kúrò nínú yàrá ìwádìí. Ó fi hàn pé kò pọn dandan kí a lo ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ń rọra tẹ́ átọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ tí ó yára, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, lè ṣe ìpele náà kí ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1997, IBM gbé háàdì dísìkì tí ń fi ìdènà abóòfàyí kàwé jáde. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: awo kan ń yí, ojú rẹ̀ kún fún òòfà wẹ́wẹ́, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, ọ̀kan kọjú sọ́hùn-ún. Orí ẹ̀rọ ìkàwé ń fò lókè rẹ̀, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí eruku kò lè gba àárín wọn. Nínú orí yìí ni àwọn oníbodè méjì wà. Wọ́n ti so fìlà ọ̀kan mọ́ ọn lórí, kò lè yí. Fìlà èkejì ń bá òòfà wẹ́wẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yí. Ìdènà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ka 0 àti 1. Láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀nà yìí di ti gbogbo àwọn tí ń ṣe háàdì dísìkì. Fert àti Grünberg pín Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2007 láàárín ara wọn.

ÌRÁNTÍ TÍ KÒ NÍ BÁ INÁ LỌ

Kọ̀ǹpútà ní ìrántí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ti ìpamọ́, irú èyí tí mo sọ tán yìí: ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé. Èkejì ni èyí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: ó yára, ṣùgbọ́n bí agbè tí ó jò ni. Ẹrù iná ni wọ́n dà sínú àwọn ìkòkò tíntìntín, ẹrù náà sì ń jò lọ, tí ó fi jẹ́ pé láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdù 64, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti ka gbogbo rẹ̀ kí ó sì tún un dà padà. Bí ó ti ń ṣe nìyẹn tọ̀sán tòru, ó ń jẹ iná, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ tàbí pé kò lọ. Ọjọ́ tí iná bá lọ, ìkòkò gbẹ. Ẹni tí ó ti tẹ ojú ìwé mẹ́wàá láìfi pamọ́ kí iná tó lọ mọ ohun tí mò ń wí.

Òòfà kì í jò. Bí ó bá ti kọjú síbì kan, kò nílò iná láti máa kọjú síbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ronú pé kí àwọn kúkú fi oníbodè méjì ṣe ìrántí fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ tí wọ́n ń lò ni ìpele òòfà méjì tí ògiri tín-ín-rín tó nánómítà kan wà láàárín wọn. Ògiri ni mo pè é, nítorí iná kò yẹ kí ó lè gbà á kọjá rárá. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń kọjá. Wọn kò fọ́ ògiri, wọn kò sì gun òkè rẹ̀. Ẹ ó kàn rí wọn ní òdìkejì ni. Bàbá mi àgbà ì bá ní egbé ni wọ́n lò. Ìṣirò kúáńtọ́ọ̀mù kò rí oògùn kankan níbẹ̀: ògiri tí ó bá tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ yóò gbà á kọjá. Bí fìlà oníbodè méjèèjì bá bára mu, àwọn tí ń kọjá á pọ̀. Bí kò bá bára mu, wọ́n á dín.

Michel Julliere ni ó kọ́kọ́ rí èyí ní Rennes ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1975. Ìyípadà ìdá 14 nínú 100 ni ó rí, nínú òtútù gidigidi. Ogún ọdún gbáko ni ìwé rẹ̀ fi wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó fi ṣe nǹkan ńlá. Ní ọdún 1995, Jagadeesh Moodera ní MIT ní Amẹ́ríkà, àti Terunobu Miyazaki ní Sendai ní ilẹ̀ Jàpáánì, tún un ṣe nínú yàrá tí kò tutù, wọ́n sì rí èsì tí ó wà láàárín ìdá 10 àti 20. Ògiri tí wọ́n lò jẹ́ ti alumíníọ̀mù tí ó ti dógùn-ún. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2001, William Butler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti Mathon pẹ̀lú Umerski ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti ìṣirò. Wọn kò tẹ́ átọ́ọ̀mù kankan. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi magnesium oxide ṣe ògiri dípò ti alumíníọ̀mù. Ìbátan rẹ̀ ni oògùn funfun tí a ń fún ẹni tí inú rẹ̀ kò yọ́ mu. Àwọn átọ́ọ̀mù inú ògiri alumíníọ̀mù wà ní jánganjàngan. Ti magnesium oxide tò tẹ̀lé ara wọn bí ebè inú oko, ìtò rẹ̀ sì bá ti irin mu. Ìṣirò fi hàn pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò di asẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìgbì rẹ̀ bá ní àwòrán kan pàtó ni yóò rọrùn fún láti kọjá, nínú irin sì rèé, àwọn tí fìlà wọn tẹ̀ sápá kan ṣoṣo ni ó ní àwòrán náà ní ibi tí ìrìn iná ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyípadà náà lè ju ìdá 1000 lọ. Ó dà bí àsọdùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, Parkin ní California àti Shinji Yuasa ní Tsukuba ní Jàpáánì fi magnesium oxide ṣe ògiri lóòótọ́. Ti Parkin jẹ́ ìdá 220, ti Yuasa jẹ́ 180, nínú yàrá tí kò tutù. Ìdá 200 túmọ̀ sí pé ìdènà di ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí ó di ọdún 2008, àwọn ará Sendai ti dé 604. Àwọn tí ó ṣírò ni ó fi ọ̀nà han àwọn tí ó ní ẹ̀rọ.

Ó ku bí a ó ṣe máa kọ̀wé sínú ìrántí náà. Lákọ̀ọ́kọ́, wáyà ni wọ́n ń gbà lẹ́bàá rẹ̀ tí òòfà wáyà náà fi ń yí fìlà oníbodè. Báyìí ni ti Freescale, tí ó kọ́kọ́ dé ọjà ní ọdún 2006 pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́rin bíìtì, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń jẹ iná púpọ̀. Ọ̀nà tí ó dára jù ú lọ ti wà nínú ìwé láti ọdún 1996, nígbà tí John Slonczewski ní IBM àti Luc Berger ní Pittsburgh, olúkúlùkù lọ́tọ̀, sọ pé ogunlọ́gọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí fìlà wọn tẹ̀ sápá kan náà lè ti oníbodè títí òun náà yóò fi yí fìlà tirẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: àwọn tí oníbodè ń dá dúró ni ó wá ń pàṣẹ fún un. Ilé-iṣẹ́ Everspin gbé irú ìrántí yìí jáde ní ọdún 2012, Samsung náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é sínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní ọdún 2019.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìrántí olóòfà yóò lé gbogbo ìrántí yòókù kúrò lọ́jà. Èmi kò tíì rí i. Ó wọ́n, kò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó àwọn tí ó bá níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ gan-an wà nínú kíkéré rẹ̀. Bí òòfà bá ti kéré jù, ooru inú yàrá lásán lè gbọ̀n ọ́n títí yóò fi yí. Kí ó tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá, agbára tí ó so fìlà náà mọ́ ibi tí ó wà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 60 agbára ooru tí ń gbọ̀n ọ́n. Bí a bá sì so ó le tó bẹ́ẹ̀, iná púpọ̀ ni a ó fi yí i nígbà tí a bá fẹ́ kọ̀wé. Èyí tí ó rọrùn láti kọ, ó rọrùn láti parẹ́. Orí èyí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí òde òní dá lé. Ti tànsísítọ̀ ìpòòyì, èyí tí Supriyo Datta, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, àti Biswajit Das dá lábàá ní ọdún 1990, kò tíì kúrò nínú yàrá ìwádìí títí di òní. Àwọn ará Kòríà sọ ní ọdún 2009 pé àwọn rí i ṣe, ṣùgbọ́n nínú òtútù tí kò sí ilé ẹnikẹ́ni tí ó lè ní in.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ̀rọ tí ń tẹ́ átọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun tí ẹ̀ka físíìsì kan lè fi owó ọdún kan rà. Ká tilẹ̀ ní ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ, ó gbọ́dọ̀ máa wà nínú òfìfo láìdáwọ́ dúró. Bí iná bá lọ ní wákàtí díẹ̀ tí kò sí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè bàjẹ́. Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2001. Ètò kọ̀ǹpútà tí a lè fi ṣe irú ìṣirò tí ó dá lórí ìpòòyì inú irin wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Quantum ESPRESSO, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ọ́ ti ṣiṣẹ́ ní Trieste ní ilẹ̀ Ítálì, ìlú tí Abdus Salam, ọmọ Pakísítáànì, dá ibùdó físíìsì sílẹ̀ sí ní ọdún 1964 nítorí àwọn onímọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ kan tí ń jẹ́ ASESMA ní ilẹ̀ Áfíríkà láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀nà ìṣirò yìí. Cape Town ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2016, Accra ni, kò jìnnà sí wa rárá.

Irin ni ó dára jù kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Átọ́ọ̀mù irin kan ṣoṣo ni a ó júwe fún kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú bí ó ṣe tò mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán yóò parí rẹ̀ kí bátìrì tó kú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ kí ó ka àwọn tí fìlà wọn tẹ̀ sọ́tùn-ún, kí ó ka àwọn tí tiwọn tẹ̀ sósì, kí ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: yóò rí nǹkan bí 2.2 fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Kí ó yọ irin, kí ó fi nickel sí i: 0.6. Kí ó wá fi bàbà sí i. Yóò rí òdo.